Judah Folkman, dókítà tó fẹ́ fi òùngbẹ pa àrùn jẹjẹrẹ

Lára àwọn obìnrin tó ń ná ọjà Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn kan wà tí igi tín-ín-rín méjì wà lábẹ́ awọ apá wọn. Nọ́ọ̀sì ló fi í síbẹ̀ fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún, tí oògùn inú rẹ̀ á máa jáde díẹ̀díẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá béèrè pé ta ló kọ́kọ́ rí i pé oògùn lè gba ara rọ́bà jáde bẹ́ẹ̀, orúkọ dókítà ará Amẹ́ríkà kan wà lára èyí tí yóò gbọ́: Judah Folkman, tó kú ní ọdún 2008. Ṣùgbọ́n igi inú apá kọ́ ló sọ ọ́ di olókìkí. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni: bó ṣe ń hù, ohun tó ń mú un hù, àti ohun tó lè dá a dúró.

Ìdí mìíràn tún wà tí a fi mú ìtàn rẹ̀ wá. Ẹ ti rí àwọn tó ń kiri ẹ̀gbà ọwọ́ olóòfà nínú ọjà àti nínú ọkọ̀, tí wọ́n ń polówó pé òòfà ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀, pé ó ń wo ẹsẹ̀ ríro, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Àwọn kan á tún ta àgúnmu mọ́ ọn, wọ́n á ní méjèèjì ló ń ran ara wọn lọ́wọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà nídìí ọ̀rọ̀ òòfà, oògùn àti iṣan ẹ̀jẹ̀, àmọ́ kò sí nínú ẹ̀gbà ọwọ́. Yàrá ìwádìí Folkman ní ìlú Boston wà lára ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ 24, oṣù Kejì, ọdún 1933 ni wọ́n bí i ní ìlú Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Bàbá rẹ̀ jẹ́ rábì, ìyẹn àlùfáà àwọn Júù. Bàbá máa ń mú un dání lọ sílé ìwòsàn láti gbàdúrà fún àwọn ọmọ ìjọ tó ń ṣàìsàn. Láyé ìgbà yẹn, inú àgọ́ kékeré kan ni wọ́n máa ń fi aláìsàn tí kò lè mí dáadáa sí, kí atẹ́gùn tó dára lè yí i ká. Bàbá á dúró síta àgọ́ náà, á gbàdúrà tirẹ̀. Dókítà ní tirẹ̀ á ṣí àgọ́, á na ọwọ́ wọlé, á sì fọwọ́ kan aláìsàn. Ọmọ náà ń wo méjèèjì. Nígbà tó yá ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé dókítà lòun fẹ́ ṣe. Ẹ̀rù ń bà á pé inú bàbá lè bàjẹ́, torí wọ́n ti ń retí pé yóò ṣe iṣẹ́ àlùfáà bíi tirẹ̀. Bàbá kò bínú. Ó ní ohun tóun fẹ́ kò ju pé kó ṣe dókítà bí àlùfáà ti í ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run.

Ọmọ náà mọ̀wé. Ó parí ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ohio ní ọdún 1953, ó sì gba ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Harvard lọ, níbi tó ti di dókítà ní ọdún 1957. Nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ló ti bá wọn lọ́wọ́ sí ẹ̀rọ kékeré kan tó ń rán ọkàn létí ìgbà tó yẹ kó lù, irú èyí tí wọ́n lè tẹ̀ bọ inú ara. Oníṣẹ́ abẹ ló wá dà. Gbogbo èèyàn ló gbà pé ọ̀nà rẹ̀ ti là: ọmọkùnrin yìí yóò gé èèyàn, yóò rán èèyàn, yóò lówó, yóò sì fẹ̀yìn tì.

Iṣẹ́ ológun ló yí i padà. Ní ọdún 1960 wọ́n pè é wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi, wọ́n sì fi í sí ilé ìwòsàn wọn ní Bethesda, nítòsí Washington. Ìṣòro kan wà tí àwọn ọ̀gá ọmọ ogun fẹ́ kó bá wọn yanjú. Ọkọ̀ ojú omi ńlá lè wà lórí òkun fún oṣù púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà pa mọ́ fún ẹni tó bá fara gbọgbẹ́ kì í pẹ́ bàjẹ́. Ṣé a lè rí nǹkan mìíràn tó lè ṣiṣẹ́ ẹ̀jẹ̀? Folkman àti ẹnìkejì rẹ̀, Frederick Becker, gbìyànjú láti sá ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa gbẹ, kí wọ́n sì tún fi omi pò ó bí a ti ń po ẹ̀lùbọ́.

Láti mọ̀ bóyá omi pupa náà ń ṣiṣẹ́, wọ́n yọ ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn ehoro, ìyẹn èyí tí gẹ̀gẹ̀ máa ń mú lára èèyàn. Wọ́n gbé e sínú ìgò, wọ́n sì ń fi omi náà gba inú iṣan rẹ̀ kọjá. Ẹṣẹ́ náà kò kú. Wọ́n wá fẹ́ dán an wò síwájú sí i, wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ láti ara eku, wọ́n sì gbìn ín sí ara ẹṣẹ́ yìí. Jẹjẹrẹ hù. Ó hù títí tó fi tó orí abẹ́rẹ́, ni ó bá dúró. Kò kú, kò sì tóbi sí i. Wọ́n tún èyí gbìn sí ara ẹṣẹ́ mìíràn, bákan náà ló rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mú kókó kékeré yìí kan náà padà sí ara eku ààyè, ó bẹ́ sílẹ̀ ó ń dàgbà bí ìwúkàrà ṣe ń mú ìyẹ̀fun wú.

Ẹlòmíràn ì bá kọ ọ́ sínú ìwé, kó sì bá iṣẹ́ omi pupa rẹ̀ lọ. Folkman kò lè gbàgbé rẹ̀. Jẹjẹrẹ kan náà, oúnjẹ tó jọra, kí ló dé tí èyí tó wà nínú ìgò dúró? Ó wò ó dáadáa, ó rí i pé nínú ìgò, iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun kankan kò hù lọ sí ọ̀dọ̀ kókó náà. Lára eku ààyè, iṣan tuntun ya lọ bá a láti ìhà gbogbo.

Ibùdó yìí kan náà ni òun àti dókítà kan tó ń jẹ́ David Long ti rí ọ̀rọ̀ rọ́bà tí a fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń fi rọ́bà sílíkóònù ṣiṣẹ́, wọ́n rí i pé àwọn oògùn kan ń gba ara rẹ̀ jáde ní ìwọ̀nba, lójoojúmọ́, láìyára láìfà. Wọ́n kọ ọ́ jáde ní ọdún 1964. Àwọn mìíràn ló gbé èrò náà dé orí ìfètò-sọ́mọ-bíbí, àti Norplant onígi mẹ́fà títí dé èyí tó jẹ́ igi méjì tí ẹ mọ̀ lónìí.

Ó padà sí Boston. Ní ọdún 1967, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 34, wọ́n fi í ṣe olórí àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Children's Hospital, ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé, ó sì di ọ̀kan lára àwọn tó kéré jù lọ lọ́jọ́ orí tó tíì di ọ̀jọ̀gbọ́n nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Harvard. Lọ́sàn-án á ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn ọmọ jòjòló. Lálẹ́ á wọ yàrá ìwádìí lọ ronú nípa kókó tó dúró sí ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1971 ló kọ èrò rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà ń kà jù. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ bí a ṣe lè rí i nílé wa níbí: ẹ wo àwọn ìlú tó wà lẹ́bàá ojú irin láti Kútọnu dé Parakú. Ṣábẹ̀ẹ́ wà lára wọn. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń rìn níbẹ̀, ibi tó bá ti ń dúró, oúnjẹ máa ń wọlé, ọjà máa ń jáde, ìlú sì máa ń fẹ̀. Aba tí ọ̀nà kò dé, aba ni yóò máa jẹ́. Folkman ní bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ. Aba kékeré ni gbogbo kókó jẹjẹrẹ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń tú èròjà kan jáde tó ń pe iṣan ẹ̀jẹ̀ wá, iṣan á hù wá bá a, á gbé oúnjẹ fún un, á sì tún gbé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ tẹ aba mìíràn dó nínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró àti eegun. Bí a bá rí oògùn tó lè dí ọ̀nà yìí, òùngbẹ á mú kókó náà, kò ní lè ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Lónìí ọmọ ilé ìwé ìṣègùn ń kọ́ ọ ní kíláàsì. Nígbà yẹn, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbàgbọ́ àwọn àgbà ìṣègùn ni pé iṣan tó yí jẹjẹrẹ ká kò ju ara tó ń wú nítorí ìpalára lọ, bí ojú egbò ṣe máa ń pọ́n. Àwọn onímọ̀ sẹ́ẹ̀lì ní oníṣẹ́ abẹ lásán ni, kí ló mọ̀? Àwọn oníṣẹ́ abẹ náà ní ó ń fi àkókò ṣòfò sórí eku. Òun fúnra rẹ̀ máa ń ròyìn pé ní àwọn ìpàdé kan, bí òun bá ti dìde láti sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé ìtọ̀ gbọn gbogbo wọn pọ̀. Wọ́n kọ ìwé ìbéèrè owó rẹ̀ ní àkọtúnkọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Monsanto fún Harvard ní mílíọ̀nù 23 dọ́là ní ọdún 1974 nítorí iṣẹ́ yìí, wọ́n tún ní ó ti ta ara rẹ̀ fún oníṣòwò. Mo rò pé èyí tó dùn ún jù ni pé kò sí ẹni tó wá wò ó kó tó sọ pé irọ́ ni.

Ó ní láti kọ́kọ́ ṣe àwọn irin iṣẹ́ tí yóò fi jẹ́rìí. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ojú ehoro. Ẹ mọ̀ pé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan. Ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ fi ń ráyè wọlé. Wọ́n mú ẹ̀rún jẹjẹrẹ kan tó kéré gan-an, wọ́n fi í sí àárín awọ yìí, jìnnà díẹ̀ sí ibi tí iṣan wà. Kò pẹ́, iṣan pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ya láti ẹ̀gbẹ́ ojú, wọ́n kọrí tààrà sí ọ̀dọ̀ ẹ̀rún náà bí ìtàkùn iṣu ṣe ń wá òpó tí yóò gùn. Kò sí ìpalára tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun kan ló ń pè wọ́n. Wọ́n tún lo ẹyin adìyẹ tó ti ń di ọmọ, wọ́n sì wá ọ̀nà láti gbin sẹ́ẹ̀lì iṣan tín-tìn-tín sínú àwo kí wọ́n lè máa wò ó bó ṣe ń hù. Ọdún 1979 ni èyí tó bọ́ sí i. Ní ọdún 1981 ó fi ipò olórí oníṣẹ́ abẹ sílẹ̀, ó gbájú mọ́ ìwádìí.

Ọ̀rọ̀ òòfà wá kàn. Ní ọdún 1974 ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá síṣẹ́ lọ́dọ̀ Folkman, Robert Langer lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ àti kẹ́míkà ló kọ́, ìgbà tí epo rọ̀bì sì wọ́n gógó lágbàáyé ni. Àwọn ilé iṣẹ́ epo ń fi owó pè é, nǹkan bí ogún ipò ló sì kọ̀ sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ọmọdé ló gbà lọ, láàárín àwọn dókítà, òun nìkan ni onímọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí Folkman gbé lé e lọ́wọ́ kò rọrùn. Eegun rírọ̀ tó wà ní oríkèé kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, jẹjẹrẹ kì í sì í fẹ́ràn láti wọ ibẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń lé iṣan padà. Langer lọ sí ilé ìpẹran, ó ń kó eegun màlúù wálé, ó ń ha eegun rírọ̀ ara rẹ̀, ó ń rẹ ẹ́, ó ń sẹ́ ẹ. Ó rí ohun tó ń wá, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọdún 1976. (Láti ibí ni àwọn oníṣòwò kan ti wá gbé e pé eegun rírọ̀ ẹja ekurá lè wo jẹjẹrẹ, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́ sínú kóró oògùn fún títà. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára aláìsàn, kò wo nǹkan kan. Bí wọ́n bá gbé e wá síbí, ẹ má ra á.)

Ṣùgbọ́n báwo ni wọn yóò ṣe dán irú èròjà bẹ́ẹ̀ wò lójú ehoro? Bí a bá kán an sí i, ojú yóò fọ̀ ọ́ nù. Langer wá ṣe ike rírọ̀ kan, ó po èròjà náà mọ́ ọn, tí yóò máa jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àwọn àgbà kẹ́míkà ti ní èròjà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò lè gba inú ike jáde láéláé. Ó gba inú rẹ̀ jáde. Èyí náà jáde nínú ìwé ní ọdún 1976.

Ìyẹn nìkan kò tó wọn. Oògùn tó ń jáde ní ìwọ̀n kan náà tọ̀sán-tòru dára, àmọ́ ara èèyàn kì í fẹ́ ìwọ̀n kan náà nígbà gbogbo. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ nílò ínsúlíìnì púpọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, kò nílò tó bẹ́ẹ̀ lóru. Báwo la ṣe lè pàṣẹ fún oògùn tó ti wà nínú ara, láìgé aláìsàn lẹ́ẹ̀kejì? Ní ọdún 1981, Langer, Folkman àti Dean Hsieh kéde ìdáhùn kan. Wọ́n po àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké mọ́ oògùn nínú ike náà. Bí òòfà bá ń lọ tó ń bọ̀ nítòsí rẹ̀, àwọn bọ́ọ̀lù irin á máa mì, wọ́n á máa tẹ inú ike náà, bí ìgbà tí èèyàn ń fún kànrìnkàn tí omi wà nínú rẹ̀. Oògùn tó ń jáde pọ̀ tó ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n tan òòfà fún wákàtí mẹ́fà, wọ́n pa á fún wákàtí mẹ́fà, fún ọjọ́ márùn-ún. Bí wọ́n bá tan án, oògùn á pọ̀. Bí wọ́n bá pa á, á dínkù. Purotéènì lásán ni wọ́n fi dán èyí wò, inú omi ni, kì í ṣe inú èèyàn. Ní ọdún 1987 ẹgbẹ́ Langer fi irú ìlànà yìí mú kí ínsúlíìnì jáde nínú eku tó ní àtọ̀gbẹ.

Ẹ kíyè sí ohun tí òòfà ṣe níbẹ̀. Kò wo àrùn kankan. Oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Òòfà kàn ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ̀gbà ọwọ́ tí kò mì, tí kò sí irin tàbí oògùn tó ń dúró dè é nínú ara, ilẹ̀kùn wo ló fẹ́ ṣí?

Ọ̀nà kejì tún wà tí òòfà fi bá iṣẹ́ Folkman pàdé, èyí sì ṣẹlẹ̀ ní yàrá àwọn ẹlòmíràn. Ní ọdún 1984, àwọn ènìyàn Folkman, Michael Klagsbrun àti Yuen Shing, rí èròjà tí jẹjẹrẹ fi ń pe iṣan ẹ̀jẹ̀, wọ́n yọ ọ́ lọ́tọ̀, ó mọ́. Orúkọ tí wọ́n ń pè é báyìí ni FGF-2. Ọdún mẹ́tàlá rèé tó ti ń wí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Lápá kejì, dókítà eegun kan ní New York, Andrew Bassett, ti fi hàn láti ọdún 1974 pé òòfà oníná tó ń tàn tó ń kú lè mú kí eegun tó kán tó kọ̀ láti so tún so pọ̀, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí ẹ̀rọ irú rẹ̀ ní ọdún 1979. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2004 àwọn olùwádìí ní New York tan irú òòfà yìí sí sẹ́ẹ̀lì iṣan ẹ̀jẹ̀. Iṣan hù. Wọ́n wá ohun tó fà á, wọ́n rí i pé FGF-2 ni sẹ́ẹ̀lì náà ń tú jáde. Nígbà tí wọ́n fi nǹkan mìíràn dí FGF-2 lọ́wọ́, agbára náà lọ sílẹ̀. Ní ọdún 2008, òòfà kan náà mú kí ọgbẹ́ eku tó ní àtọ̀gbẹ tètè jinná.

Àwa tí a mọ ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ nítorí ọgbẹ́ àtọ̀gbẹ mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Ẹsẹ̀ kò rí ẹ̀jẹ̀, ọgbẹ́ kò jinná. Bí òòfà bá lè pe iṣan, tí oògùn sì lè ti iṣan lẹ́yìn tàbí kó dá a dúró nígbà tó bá tó, dókítà yóò lè darí ìdàgbà iṣan bí awakọ̀ ṣe ń lo ìjánu. Èrò àwọn tó ń so méjèèjì pọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ tún ronú sí ohun tí Folkman kọ́ wa: iṣan tuntun tó ń gba ẹsẹ̀ là náà ni jẹjẹrẹ ń wá kiri. Ohun tó lè mú iṣan hù nítòótọ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn á kàn so mọ́ra láìbi dókítà, pàápàá ẹni tó ti ní kókó jẹjẹrẹ lára. Ẹni tí ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ sì wà láyà rẹ̀, wọ́n kìlọ̀ fún un kó jìnnà sí òòfà tó lágbára.

Ìyàtọ̀ wà láàárín yàrá ìwádìí àti èèyàn, àmọ́ ìgbà kan wà tí ó fò ó kọjá. Ní nǹkan bí ọdún 1988, ọmọdékùnrin kan ń kú lọ ní ìlú Denver. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń hù káàkiri inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tí kò jẹ́ kó lè mí. Dókítà rẹ̀ kàn sí Folkman. Àwọn ará Boston ti rí i pé oògùn kan tó ń jẹ́ interferon máa ń dá sẹ́ẹ̀lì iṣan dúró. Wọ́n fún ọmọ náà, ìwọ̀n díẹ̀díẹ̀, fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ náà yè. Lẹ́yìn èyí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún àwọn ọmọ jòjòló tí ẹ̀jẹ̀ wú sí lójú tàbí lọ́fun débi tó fẹ́ pa wọ́n.

Ní ọdún 1994 ọ̀dọ́ dókítà kan lọ́dọ̀ rẹ̀, Michael O'Reilly, yanjú àdììtú kan tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń rí tipẹ́: wọ́n á gé kókó ńlá kúrò, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ kókó kéékèèké á bẹ́ sílẹ̀ níbòmíràn. Folkman ní bóyá kókó ńlá ló ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ mọ́ àwọn kékeré. Bí ohun tó fi ń dí i bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, yóò wà nínú ìtọ̀. O'Reilly wá ń gba ìtọ̀ eku jọ, lítà lórí lítà, fún nǹkan bí ọdún méjì. Mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wo ìtọ̀ tí eku kan ń tọ̀ lóòjọ́. Nínú rẹ̀ ló ti rí angiostatin. Ní ọdún 1997 ó tún rí endostatin. Lára eku, kókó ńlá rọ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́.

Ìgbà yìí ni òkìkí dé, ó sì dé bí ìjàǹbá. Ní ọjọ́ 3, oṣù Karùn-ún, ọdún 1998, ìwé ìròyìn New York Times gbé e sí ojú ewé àkọ́kọ́, èèyàn ńlá kan sì ti sọ fún oníròyìn wọn bí ẹni pé ọdún méjì péré ló kù kí jẹjẹrẹ di ìtàn. Lọ́jọ́ kejì, owó ìpín ilé iṣẹ́ kékeré tó ní oògùn náà, EntreMed, fò sókè ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Fóònù ilé ìwòsàn kò sinmi. Àwọn aláìsàn tí oṣù díẹ̀ kù fún ń bẹ̀bẹ̀ fún oògùn tí kò tíì sí ju ìwọ̀nba tí wọ́n fi ń tọ́jú eku. Folkman ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi í pé eku lòun lè wò, òun kò tíì lè wo èèyàn. Wọn kò gbọ́. Àwa oníròyìn ni mo dá lẹ́bi nínú ìyẹn. Òótọ́ wà nínú ìròyìn náà, ibi tí wọ́n gbé e sí ló sọ ọ́ di ìlérí.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún èèyàn. Oògùn náà kò pa wọ́n lára, ṣùgbọ́n kókó tó rọ kò pọ̀. Àwọn tó ti ń retí iṣẹ́ ìyanu bínú, wọ́n tún padà sí yẹ̀yẹ́.

Ẹlòmíràn ló mú oògùn tó ṣiṣẹ́ wá. Napoleone Ferrara, ní ilé iṣẹ́ Genentech, ti rí èròjà mìíràn tó ń pe iṣan, tí wọ́n ń pè ní VEGF, ní ọdún 1989. Wọ́n ṣe oògùn tó ń dì í mú, Avastin. Nígbà tí wọ́n fi kún oògùn jẹjẹrẹ ìfun ńlá, àwọn tó máa ń lo nǹkan bí oṣù 16 láyé lo nǹkan bí oṣù 20. Ní oṣù Kejì ọdún 2004 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́rin sí márùn-ún kì í ṣe ìwòsàn, oògùn náà sì wọ́n kọjá ohun tí apá àgbẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n ojú ni ọ̀rọ̀ náà ti so èso tó dára jù. Àwọn àgbàlagbà kan wà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ burúkú ń hù sí ẹ̀yìn ẹyinjú wọn títí wọ́n á fi fọ́jú. Abẹ́rẹ́ irú oògùn yìí tí wọ́n ń gún sójú ń dá iṣan náà dúró, àwọn kan sì tún ń ríran kàwé.

Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ sọ pé bí ìdílé aláìsàn bá pè é láti ibikíbi, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń dá wọn lóhùn, kódà ní alẹ́. Ó ti ń lọ sí Vancouver, ní Kánádà, láti lọ sọ̀rọ̀ fún àwọn dókítà, nígbà tí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Denver, ní ọjọ́ 14, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2008. Ẹni ọdún 74 ni. Ìlú tí ọmọdékùnrin yẹn ti yè ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú ni.